Ìgò Ẹlẹ́rìí Kànga Kẹsàn-án

Ìgò ẹlẹ́rìí kì í sọ̀rọ̀. Ìdí tí a fi ń gbé e dání gan-an nìyẹn. Omi tó mọ́ gaara ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò, wọ́n á dé e pa, wọ́n á fi èdìdì pupa lẹ ẹnu rẹ̀, á sì bá wa lọ síbi iṣẹ́ nínú kúlà, láàárín àwọn ìgò tó ṣófo. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i. Bí a bá ti bu omi kànga tán, á bá wa padà, Aláyẹ̀wò á sì yẹ òun náà wò bíi ti àwọn yòókù. Bí ó bá bá májèlé nínú rẹ̀, a jẹ́ pé ọwọ́ wa ló dọ̀tí, tàbí kúlà wa, tàbí ọkọ̀ wa, iṣẹ́ ọjọ́ náà sì bàjẹ́ nìyẹn. Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, òdo ni ìgò ẹlẹ́rìí ń mú bọ̀ wálé. Ó ti wá mọ́ wa lára débi pé Jẹ́jẹ́, awakọ̀ wa, máa ń kí i bí ẹni ń kí àgbàlagbà: "Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá Ẹlẹ́rìí. Ẹ ò tún rí nǹkan kan lónìí náà?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Aláyẹ̀wò pè mí lórí fóònù. Ọkùnrin tó mọ̀wàá hù ni, kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ kó tó béèrè àlàáfíà ilé ẹni. Lọ́jọ́ náà, kò kí mi.

"Ẹlẹ́rìí ti sọ̀rọ̀," ó ní.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

"Igba ó lé mẹ́rìnlá." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́. "Òfin ò gbà kó ju márùn-ún lọ nínú omi mímu. Ìgò tí ẹnikẹ́ni ò ṣí o. Èdìdì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ digbí. Igba ó lé mẹ́rìnlá."

Mo wá ibi kan jókòó sí. Mo mọ iye yẹn bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Iye Kànga Kẹsàn-án ni, èyí tó ní kẹ́yìn kí n tó purọ́ mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè ṣàánú mi. Mo sọ ọ́ torí pé ó ti kún inú mi dé ọ̀fun.

Ilé iṣẹ́ àgádágodo kan wà nígbà kan ní ìparí àdúgbò tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi rọ àgádágodo níbẹ̀. Kí irin tó lè dán, wọ́n á kọ́kọ́ fi omi kan fọ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀, omi tí kò ní àwọ̀, tó máa ń ta sánsán bí ọ̀pẹ òyìnbó tó pọ́n jù. Èyí tí wọ́n bá lò tán, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń dà á sí. Ilẹ̀ ń mu ún, kò sì ráhùn. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kógbá sílé, wọ́n tú ẹ̀rọ wọn lọ, wọ́n fi ògiri sílẹ̀ fún alángbá. Ó tó ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn kí obìnrin kan tó fa omi nínú kànga ilé rẹ̀, tó ní òun ń gbọ́ òórùn èso.

Bí wọ́n ṣe ti gbogbo kànga àdúgbò náà pa nìyẹn, tí wọ́n sì gbà wá síṣẹ́. Iṣẹ́ wa kò ṣòroó ṣàlàyé. Ẹ̀rọ ń fa omi onímájèlé jáde lábẹ́ ilẹ̀, omi náà ń gba inú àgbá èédú kọjá, èédú ń di májèlé mú, a sì ń dá omi tó mọ́ padà sínú ilẹ̀. Kí a lè mọ̀ bóyá ó ń dín kù, wọ́n ri páìpù tóóró méjìlá mọ́lẹ̀ yí àdúgbò náà ká. Kànga la ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkúùkù ọmọdé kò lè wọ̀ wọ́n. Lóṣooṣù ni mo ń lọ bu omi wọn sínú ìgò. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ mí ní Ìyá Kànga, orúkọ tó máa ń dùn mí wọnú eegun nígbà náà, torí kò sí ọmọ kankan tó ń pè mí ní ìyá nílé.

A ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́ wa: omi tó dúró máa ń purọ́. Omi tó ti wà nínú páìpù láti oṣù kan kò mọ ohun tó ń lọ nínú ilẹ̀ mọ́. O gbọ́dọ̀ fà á dànù, ìlọ́po mẹ́ta, títí èyí tó ń bọ̀ gan-an láti inú ilẹ̀ á fi dé. Èyí kò ni mí lára nídìí kànga mọ́kànlá yòókù. Ṣùgbọ́n inú kòtò oníbíríkì kan níwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi ni Kànga Kẹsàn-án wà. Àkàbà irin lo máa fi sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lo sì máa lò níbẹ̀ pẹ̀lú òórùn ọ̀pẹ òyìnbó yẹn. Iye májèlé gbogbo kànga yòókù ń rọlẹ̀ lọ́dọọdún títí wọ́n fi dé òdo. Kẹsàn-án ní tirẹ̀ kò gbọ́ tẹnikẹ́ni.

Oyún méjì ti bàjẹ́ lára mi. Ti àkọ́kọ́, gbogbo ayé ni mo sọ fún. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo sọ fún ìdajì ayé. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta dé, èmi àti ọkọ mi nìkan la mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wa, ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀: "Fi í sínú. Jẹ́ kí ikùn fẹnu ara rẹ̀ ròyìn." Mo fi í sínú lóòótọ́, kódà òun gan-an kò gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ká ní mo sọ fún ọ̀gá mi ni, kíá ni wọn ì bá fi ẹlòmíràn rọ́pò mi nídìí kòtò yẹn, torí òfin iṣẹ́ ni. Mo mọ̀. Mo ṣáà pa ẹnu mọ́.

Oyún náà jẹ́ oṣù méjì lọ́jọ́ tí mo ṣí ìdérí kòtò náà, tí òórùn yẹn gbá mi lójú. Oòrùn ń ràn gan-an. Jẹ́jẹ́ ti wakọ̀ lọ ra yìnyín. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé àkàbà, mo tún gbé e kúrò. Mo rí i pé bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò yìí, ọmọ yìí náà á bá àwọn méjì yẹn lọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ẹ̀rù ló sọ ọ́.

Mo wá ṣe ohun tí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tiwa nìkan lè ronú kàn. Mo já èdìdì ìgò ẹlẹ́rìí. Mo da omi inú rẹ̀ sínú ìgò tí mo kọ "Kẹsàn-án" sí lára. Kí ìgò ẹlẹ́rìí má baà ṣófo, mo fa omi mímu tí mo gbé láti ilé yọ nínú àpò mi, omi tí mo ti mu ìdajì rẹ̀, mo rọ ọ́ sínú rẹ̀, mo dé e, mo fi èdìdì pupa mìíràn lẹ̀ ẹ́. Kò gba ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ dé, ó kí Bàbá Ẹlẹ́rìí bó ṣe máa ń ṣe.

Òdo ni wọ́n bá nínú ìgò Kẹsàn-án. Aláyẹ̀wò sọ pé ó yá jù, àmọ́ àwọn ọ̀gá ti ń wá ohun tí wọ́n máa fi yọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní kí ọkùnrin kan láti olú ilé iṣẹ́ wá tún un yẹ̀ wò lóṣù kejì, pẹ̀lú ìgò tirẹ̀ àti ẹlẹ́rìí tirẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí mo ṣe lo oṣù yẹn. Mo mọ̀ pé àṣírí máa tú, mo sì ti ń múra bí màá ṣe sunkún.

Ọkùnrin náà wọ kòtò lọ, ó lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rẹ̀ pé, ó fa omi dànù nígbà mẹ́ta, ó gòkè wá. Èmi dúró lẹ́nu kòtò pẹ̀lú kúlà tèmi. Bó ṣe ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ló ní, "Wọ́n ní ibí yìí máa ń rùn. Mi ò gbóòórùn nǹkan kan o."

Mo tẹ̀ síwájú, mo fà á símú. Òórùn yẹn ti lọ. Òórùn bíríkì tútù ló kù.

Òdo ni èsì rẹ̀. Òótọ́ ni, kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀. Irọ́ mi ti di òótọ́ nínú ilẹ̀. Wọ́n ṣí kànga àdúgbò náà lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù ránṣẹ́ sí mi pé òun ti ń fi omi inú ọgbà òun fọ aṣọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà. Ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n àyà mi ń já. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ìyẹn ni Aláyẹ̀wò pè mí tó ní ẹlẹ́rìí ti sọ̀rọ̀, ẹlẹ́rìí tó wà nínú kúlà tèmi lọ́jọ́ náà.

A fọ kúlà. A ra òmíràn. Jẹ́jẹ́ fi ọṣẹ fọ inú ọkọ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, igba ó lé mẹ́rìnlá. Lóṣù kẹta, mo wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jáde, mo wọ ìbọ̀wọ́ lórí ìbọ̀wọ́, n kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ìgò ẹlẹ́rìí: igba ó lé mẹ́rìnlá, kò lé ẹyọ kan, kò dín ẹyọ kan. Lóṣù kẹrin, àìsàn gbé mi dè, Jẹ́jẹ́ àti ẹlòmíràn ló lọ. Òdo. Ní àkókò yìí, ikùn mi ti yọ, ẹnu rẹ̀ sì ti ròyìn fún gbogbo ayé. Wọ́n ti yọ mí nídìí kòtò, wọ́n ní kí n máa kọ ìwé nínú ọkọ̀. Mo wà nínú ọkọ̀ náà lóṣù karùn-ún. Igba ó lé mẹ́rìnlá.

Aláyẹ̀wò wá ní kí n wá rí òun. Oyún mi ti di oṣù méje. Ilé àyẹ̀wò náà mọ́, ó tutù, iná rẹ̀ funfun tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí òjìji níbì kankan. Ó ti to ìgò mẹ́ta tó ní èdìdì sórí tábìlì. Ó fa àga fún mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì wọ́n," ó ní. "Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ ṣáà jókòó."

Jẹ́jẹ́ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìgò mẹ́ta tirẹ̀ lórí itan. Lẹ́yìn wákàtí kan, Aláyẹ̀wò kó gbogbo rẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ń kùn. Ó kọ nǹkan sórí ìwé, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Nígbà tó yíjú sí mi, kò ní láti sọ iye náà.

"Àwọn ti Jẹ́jẹ́ ńkọ́?" mo bi í.

"Òdo."

Mo jẹ́wọ́. Mo sọ ti kòtò, ti oyún tí mo fi pa mọ́, ti omi mímu mi tí mo rọ sínú ẹlẹ́rìí. Mo rò pé á bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Ó jókòó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún.

"Ọdún méjìdínlógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí," ó ní. "Ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú ni pé májèlé kì í kú. Ibùgbé ló ń pààrọ̀. Bó bá kúrò nínú omi, inú èédú ló lọ. Bó bá kúrò nínú èédú, inú atẹ́gùn ló lọ. Ẹ kọ ọ́ sára ìgò pé kò sí ní Kànga Kẹsàn-án. Ó dà bíi pé ó gbọ́. Ó kó jáde."

"Lọ síbo?"

Ó rọra ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó bá ọmọ tó ń sùn nínú yàrá. "Inú ìgò wọ̀nyí kọ́ ló ń gbé. Òórùn rẹ̀ lásán ló ń ràn wọ́n nítòsí yín. Lọ́jọ́ yẹn, lẹ́nu kòtò yẹn, omi wo ló tún wà níbẹ̀, tí wọ́n dì pa, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí, tó bá yín lọ tó sì bá yín bọ̀?"

Ojú rẹ̀ wà lára ikùn mi. Ọmọ náà yí lẹ́ẹ̀kan, wọ̀ọ̀. Gbogbo ara mi bù máṣọ.

Àwọn dókítà kò rí nǹkan kan. Wọ́n yà á ní àwòrán, wọ́n gbọ́ ọkàn rẹ̀, wọ́n ní ọmọ náà le dáadáa. N kò sọ fún ọkọ mi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé kànga kan kó wọ inú mi? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń bó iṣu ní kíṣìnnì ni omi mi já. Ó ṣàn sórí símẹ́ńtì. Kí n tó pariwo ni òórùn náà ti kún ilé. Ní ilé ìgbẹ̀bí, agbẹ̀bí náà dáwọ́ dúró, ó ń wò yíká. "Ta ló gé ọ̀pẹ òyìnbó wọ ibí?" ó ní.

Obìnrin ni. Ó tóbi, ó ké, ó pé. Mo sunkún títí tí wọ́n fi rò pé ayọ̀ ni. Ayọ̀ náà wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń ti imú bọ ọrùn rẹ̀. "Ọmọ yìí mà ń ta sánsán o! Ìpara wo lẹ fi ń pa á?" Ọkọ mi á máa yan bí ẹni tó ṣe ìpara náà fúnra rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Gbogbo ọmọ tuntun ló ń sùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n oorun tirẹ̀ kò ní ìsàlẹ̀. Màá ta omi sí i lójú, kò ní jí. Màá fi ọmú kàn án lẹ́nu, wàrà á ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń fúyẹ́ lójoojúmọ́. Nílé ìwòsàn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára, kí á máa ṣọ́ ọ. Kí á máa ṣọ́ ọ! Ẹ̀gbọ́n mi fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wá lójoojúmọ́. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀, òun ló ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí n kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ nìyẹn," á wí fún ọmọ náà. "Ìyá rẹ náà kì í tètè jí fún ilé ìwé."

Mo pe Aláyẹ̀wò. Ó rán Jẹ́jẹ́ sí mi pẹ̀lú ìgò kékeré kan tó ṣófo, ó ní kí n gba ìtọ̀ ọmọ náà sí i, òun á yẹ̀ ẹ́ wò fúnra òun. Lórí fóònù, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ bá rọ sínú ìgò ọmọ, kó jẹ́ ti ọmọ o."

Èmi àti òun mọ ohun tó ń sọ.

"Bí kò bá wá jẹ́ ti ọmọ ńkọ́?" mo bi í.

"Ẹ má dán an wò. Ẹ ò ní mọ ẹni tó máa kó lọ bá."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo wo ọmọ mi. Egungun ìhà rẹ̀ ti ń yọ. Bí mo bá sọ òótọ́, òótọ́ náà á wà lára rẹ̀ títí yóò fi pa á. Ẹ bi ara yín ohun tí ẹ̀yin ì bá ṣe kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Mo rò pé mo gbọ́n. Bí májèlé bá ń wá ibùgbé, mo ní kí n kọ́ ilé fún un. Mo ra omi inú ike méjìlá, àwọn tó ṣì wà ní dídì láti ilé iṣẹ́ wọn. Mo tò wọ́n sórí tábìlì yí ìgò kékeré náà ká, ọ̀kan fara ti ìkejì, kò sí àlàfo. Mo ní kí ọkọ mi gbé ọmọ lọ sí yàrá inú. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń ká aṣọ ọmọ.

"Kí ni gbogbo omi yìí? Àlejò ń bọ̀ ni?"

"Ti iṣẹ́ ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò fẹ́ bọ́ síta díẹ̀?"

"Oòrùn yẹn? Má lé mi jáàre. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ, ṣùgbọ́n parí iṣẹ́ rẹ ná."

Mo gbé ìgò náà sábẹ́ ẹ̀rọ omi, mo pọn omi sínú rẹ̀. Mo dé e. Mo kọ orúkọ ọmọ mi sí i lára, mo fi èdìdì pupa lẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n rárá. Kí n tó gbé kálámù sílẹ̀ ni mo gbọ́ igbe láti yàrá inú, igbe ọmọ tí ebi ń pa. Mo sáré. Mi ò rántí béèrè ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ bá mi sọ.

Ọmọ náà mu ọmú títí tó fi di pé èmi ni mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi mí sílẹ̀. Mo fi imú sí ọrùn rẹ̀. Òórùn wàrà àti làágùn ni mo gbọ́, òórùn ọmọ lásán, kò sí òórùn tó dùn tó o láyé. Òdo ni Aláyẹ̀wò bá nínú ìgò rẹ̀. Ó mọ ohun tí mo ṣe. Mo wá bẹ̀ ẹ́ kó yẹ omi inú ike méjèèjìlá náà wò. Mo retí igba ó lé mẹ́rìnlá nínú ọ̀kan nínú wọn, mo tilẹ̀ ti wá ibi tí màá rì í mọ́ pẹ̀lú símẹ́ńtì.

"Òdo," ó ní. "Méjèèjìlá. Kí ló tún wà nínú yàrá yẹn?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo ro gbogbo rẹ̀ ní àròtúnrò: tábìlì, àga, aṣọ ọmọ, ẹ̀rọ omi. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ọmọ mi ń sanra. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbọ́ pé ó ti padà sínú ilẹ̀, tàbí pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wá lánàá, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tí n kò ti rí i. Ó ní oorun ló ń kùn òun, pé òun kàn ń sùn ṣáá ni. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, ọmọ rẹ̀ tó kẹ́yìn ti ń lọ sí ilé ìwé gíga. Ó jókòó sórí àga kan náà yẹn. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọkọ mi wà nítòsí, ojú ń tì í bí ọmọge.

"Sún mọ́ mi," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju atẹ́gùn lọ. "Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni o. O mọ̀ pé nílé wa, a kì í tètè sọ. Mo fẹ́ sọ fún ọ lọ́jọ́ tí o ń kọ nǹkan sára ìgò yẹn, ọmọ ló ké. Ó ti tó oṣù kan àbọ̀ nígbà yẹn."

Mo di apá àga mú.

"Kí ló dé tí o ń wò mí báyìí? Kò dùn mọ́ ọ nínú ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Èmi ò ní irú èyí rí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo bí. Mi ò bì, ara ò ro mí. Ohun kan ṣoṣo ló ń yà mí lẹ́nu. Gbóòórùn ara mi ná."

Ó na ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sí mi nímú.